Orí Ẹja Pupa

Ọ̀sà kò ṣe é gbọ́n. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ nípa omi Èkó nìyẹn. Nílé wa ní Ìlá, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí odò tó wà lẹ́yìn oko bàbá mi ní ọ̀nà Ọ̀rà bá fà tó ku kòtò-kòtò, àwa obìnrin la máa ń pa ẹja ibẹ̀. A ó fi amọ̀ àti ewé dí ibi tí omi ń gbà wọlé, a ó máa fi igbá gbọ́n omi dànù títí àrọ̀ yóò fi máa jà nínú ẹrẹ̀. Ta ló ń wá ìwọ̀ níbẹ̀? Ọwọ́ àti agbọ̀n ti tó. Nígbà tí mo dé Èbúté Mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, tí mo rí bí omi ṣe tẹ́ lọ rẹrẹ, mo bi ọkọ mi pé ìgbà wo ni wọ́n máa ń gbọ́n ọn. Àwàdà ni mo ń ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà pátápátá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ará etí òkun ni ọkọ mi, láti ìhà Ìlàjẹ, ọmọ àwọn tó kọ́ ilé sórí òpó nínú omi. Akọ̀wé ni níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Èmi sì jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Bàbá rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú wa. Bàbá náà ti fi gbogbo ayé rẹ̀ pẹja kí orúnkún tó dá a dúró. Àwa mẹ́ta péré la wà nínú ilé. Lẹ́yìn ilé wa ni jẹ́tì kan wà, pákó tí wọ́n tẹ́ sórí àwọn òpó ńlá, tó gùn wọnú ọ̀sà, níbi tí ọkọ̀ tó ń kó gẹdú ti ń gúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní àkókò tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira, ọkọ̀ kì í sì í gúnlẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó síbẹ̀ lè jókòó.

Bàbá mi kò fẹ́ kí n fẹ́ ọkùnrin náà. Kì í ṣe pé ó rí ẹ̀sùn kà sí i lẹ́sẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, àgbà ìjọ ni, ẹni tó máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò kó tó gbin nǹkan kan sí i. Nígbà tí àwọn ènìyàn ọkọ mi wá tọrọ mi ní Ìlá, ó fún wọn lómi, ó fún wọn lóúnjẹ, ó sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ilé tó wà lórí omi, ta ni bàálé ibẹ̀?" Wọ́n rò pé ó ń ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́. Bàbá mi ní ilé tí kò ní àgbà tí à ń kúnlẹ̀ fún kì í ṣe ilé, pé òun kò lè fi ọmọ òun fún ìgbì omi.

Olórí kunkun ni mí. A ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Èkó. Ìyá mi wá, bàbá mi kò wá. Ọdún méjì gbáko kọjá tí n kò fẹsẹ̀ tẹ Ìlá. Ìyá mi máa ń ní kí wọ́n bá òun kọ lẹ́tà sí mi, á sọ nípa iṣu, á sọ nípa òjò, á sọ ẹni tó bímọ. Bàbá mi kì í kí mi nínú rẹ̀. Mo máa ń ka lẹ́tà náà dé ìsàlẹ̀, n ó tún yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Àṣà kan wà nílé wa tí mo gbẹ́kẹ̀ lé. Bí a bá gbọ́n odò, ẹja tó tóbi jù kì í ṣe ti ẹni tó mú un. Odindi ni à ń gbé e lọ fún bàbá mi, tòun ti orí, òun ló sì ń jẹ orí náà. Bí ìjà bá wà láàárín òun àti ọmọ, ọjọ́ tó bá jẹ orí ẹja ọmọ náà ni ìjà parí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti bá a ṣe gbólóhùn asọ̀ rí, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí oṣù fi lé. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àrọ̀ kan wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bàbá mi jẹ orí rẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó ní, "Jókòó, kí o jẹun." Ọ̀rọ̀ tán.

Mo wá pinnu lọ́kàn mi pé tí Kérésìmesì bá dé, n ó gbé ẹja lọ sí Ìlá, ẹja tí mo fọwọ́ ara mi pa, tòun ti orí. Bó bá jẹ orí rẹ̀, mo ti tún di ọmọ nìyẹn. Bí kò bá jẹ ẹ́, n kò ní yọjú síbẹ̀ mọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi ìbá ní kí n lọ ra ẹja lọ́jà. Ní ti bàbá ọkọ mi, ojú ń tì mí láti sọ fún un pé bàbá mi kò ka ilé wọn sí ilé.

Ẹja tí mo fojú sí ni ẹja pupa, èyí tó ní eyín bíi ti ajá, tó ń gbé abẹ́ jẹ́tì. Èyí tó bá dàgbà nínú wọn gùn tó apá mi.

Ọ̀pá ọparun gígùn ni mo kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni mo ti rí lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin Ìlá. Mo so òwú mọ́ ọn, mo fi ìwọ̀ kékeré sí i, mo wa ekòló lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo jókòó ní ìparí jẹ́tì láti àárọ̀ Sátidé títí oòrùn fi kàn mí látàrí. Ẹja kéékèèké bọ́ ekòló náà jẹ díẹ̀díẹ̀, wọn kò dé ibi ìwọ̀. Àwọn tó ń la gẹdú ń kọjá, wọ́n ń kí mi, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé àwọn ẹja ti wá sí kíláàsì?" Mo tún fi ekòló mìíràn sí ìwọ̀.

Bàbá ọkọ mi fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ wọ́ wá, ó jókòó lórí àpótí kan, ó wò mí pẹ́.

"Ìyàwó, ta lò ń fún lóúnjẹ?"

"Ẹja ni mò ń pa, Bàbá."

"Mo rò pé ò ń tọ́ wọn ni."

Ó ní kí n gbé ọ̀pá náà sílẹ̀. Ẹja pupa kì í ṣe ẹja ojú gbangba, ó ní, ẹsẹ̀ òpó ni ilé rẹ̀. Bí mo bá fi ọ̀pá ju ìwọ̀ sọ́nà jíjìn, mo ti ju oúnjẹ kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ lásán ni kí n fi mú okùn, kí n wé ìyókù mọ́ igi pẹlẹbẹ, kí n sọ ìwọ̀ kalẹ̀ tààrà sí ẹ̀gbẹ́ òpó. Ọ̀pá tí mo fi odindi ọ̀sẹ̀ kan wá kiri di igi tí mò ń sá aṣọ lé.

Ọ̀rọ̀ okùn fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sọ̀rètí nù. Òwú ni àwọn àgbà ń lò, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi èèpo igi kí iyọ̀ má bàa jẹ ẹ́. Náílọ́nù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú nígbà náà, ó ń dán bí irun arúgbó. Mo ra èyí tó tínínrín jù, mo ní ẹja kò ní rí i. Lóòótọ́, ẹja kò rí i. Ó gbé ìwọ̀, ó wọ àárín òpó, ìkarahun tó lẹ̀ mọ́ igi gé okùn náà, ẹja bá tirẹ̀ lọ. Inú bí mi, mo lọ ra èyí tó nípọn bí okùn tí a fi ń so ewúrẹ́. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì, ẹja kankan kò sún mọ́ ọn. Bàbá ní, "Ẹja náà lójú o." A wá mú agbedeméjì, ó sì ní kí n so wáyà tí kò gùn ju ìka kan lọ síwájú rẹ̀, nítorí eyín.

Òjé tí à ń so mọ́ okùn kó lè rì, èmi rò pé ohun tó bá ṣáà ti wúwo ti tó. Mo so ńlá, ó rì mọ́ ẹrẹ̀. Mo so kékeré, omi gbé e kọ́ òpó. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí i láàárín, ó ki okùn bọ ihò náà kó lè máa yọ́ lọ yọ́ bọ̀. Ẹja tó bá gbé oúnjẹ, okùn nìkan ni yóò fà. Kò ní mọ̀ pé ohun wíwúwo kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ mi débi pé mo fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ló yẹ kí a máa bá bọ̀.

A pa ekòló tì. Edé tó ṣì ń ta dára, ẹja ṣáwá tí a gé dára, ṣùgbọ́n akàn kékeré tí a ti ṣẹ́ ẹ̀mú ọwọ́ rẹ̀ ló dára jù, nítorí ẹja kéékèèké kò lè fọ́ ọ. Ìwọ̀ náà tóbi sí i. Ẹja náà ní àkókò tirẹ̀: ìgbà tí omi bá fà tán, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà kún, tí ẹja ń jáde wá wo ohun tó dé. Bí omi bá ti kún tán, kí o ká okùn rẹ, kí o lọ dáná.

Gbogbo èyí, mo kọ́ ọ. Èyí tí n kò lè kọ́ ni sùúrù ọwọ́. Nínú odò tí a gbọ́n, bí o bá ti rí ẹja ni o ó gbá a mú. Bí o bá rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹlòmíràn ti gbé e. Bí nǹkan bá ti kan okùn mi báyìí, mo ti fà á. Ìwọ̀ òfìfo ni yóò jáde.

"Ó ń tọ́ ọ wò ni," bàbá ọkọ mi máa ń sọ. "Jẹ́ kí ó tọ́ ọ wò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Bó bá lọ ńkọ́?"

"Bó bá lọ, ó lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbé e, má ṣe rò ó mọ́. Máa ká okùn. Má fún un ní ààyè tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, òpó ló ń sá lọ."

Sùúrù lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà wàrà-wàrà. Èmi ti máa ń ṣe é lódìkejì láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ọ̀nà tí mo sì gbà ṣe ìgbéyàwó jẹ́rìí sí i.

Sátidé tó kẹ́yìn kí n tó lọ sí Ìlá ni ó ṣẹlẹ̀. Omi ń yí padà ní àárọ̀, bàbá ọkọ mi wà lórí àpótí rẹ̀. Nǹkan kan kan okùn mi. Mo fi eyín di ètè. Ó tún kàn án. Mi ò mira. Ìgbà kẹta, okùn náà kò fò, ńṣe ló kàn ń lọ jẹ́jẹ́ bíi pé ẹnì kan ń fà á wọ yàrá. Mo fà á. Ìwúwo rẹ̀ dé èjìká mi. Mo ti fi àkísà wé ọwọ́, síbẹ̀ okùn náà ń la àtẹ́lẹwọ́ mi. Bàbá ń fi ọ̀pá lu pákó, kò, kò, kò, mo sì ń ká okùn. Nígbà tí orí rẹ̀ yọ, tó pupa yòò, tí ẹnu rẹ̀ là, mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á sókè. Mo gbé e sórí pákó, mo jókòó tì í, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún. Apá mi kò gùn tó o.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo ní láti lọ kọ́ àwọn ọmọ ní orin Kérésìmesì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tó mọ ẹja yan bíi bàbá ọkọ mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yan án. Ìlá ni mo fẹ́ gbé e lọ." Ó ní, "Fi í sílẹ̀." Mo lọ. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ kò ju márùn-ún lọ, n kò sì sọ ọ́.

Nígbà tí mo dé, ẹja náà wà lórí iná, tó ń pọ́n, tó ń ta òróró. Kò ní orí. Bàbá jókòó sídìí abọ́ ọbẹ̀ ata, eegun orí ẹja wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti fà wọ́n mu títí wọ́n fi funfun.

Ó gbójú sókè. "Ìyàwó, mo jẹ orí ẹja mi. Láti ìgbà tí orúnkún ti lé mi kúrò lójú omi, kò sẹ́ni tó gbé orí ẹja wọlé fún mi. Ìwé lọmọ mi ń kọ. Mo ti rò pé ó parí."

Lọ́dọ̀ tiwọn náà, bàálé ló ń jẹ orí ẹja. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé ó yẹ kí òun béèrè.

Ìbínú kò da nǹkan fún ni, mo mọ̀ ọ́n, mo máa ń kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Mo kúnlẹ̀, mo kó abọ́ náà, mo ní, "Ẹ kú ìgbádùn, Bàbá," mo sì gba ẹ̀yìn ilé lọ sórí jẹ́tì. Mo sọ ìwọ̀ sínú omi tó ti kún tán, níbi tí ẹja kankan kò sí, mo sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bú gbogbo ẹja tó wà nínú ọ̀sà. Ọjọ́ Àìkú, mi ò lè pẹja. Ọjọ́ Ajé, mo sọ ìwọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, akàn lásán ni mo pàdánù. Ọkọ mi rí ojú mi, ó ní kí òun bá mi ra òmíràn lọ́jà, tó lórí. Mo ní rárá. Èmi kọ́ ni mo pa ìyẹn.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo, mo wọ lọ́rì dé Ìlá, ẹja mi wà nínú bébà àti ewé lórí itan mi. Jálẹ̀ ọ̀nà ni mo ń ro irọ́ tí n ó pa. Eku jẹ orí rẹ̀. Orí rẹ̀ bàjẹ́ lọ́nà. Wọ́n ń gé orí ẹja pupa nítorí májèlé. Irọ́ olùkọ́ máa ń ní àlàyé nínú.

Bàbá mi wà lẹ́yìn ilé, ó ń ṣa iṣu. Èdè Ìgbómìnà wa la fi sọ̀rọ̀. Mo kàn ń kọ ọ́ bí ìwé ṣe ń kọ ọ́ ni. Mo kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Hẹn." Kò wò mí.

Mo tú ẹja náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó dúró.

"Kí nìyí?"

"Ẹja ni, Bàbá. Èmi ni mo pa á."

"Ìwọ? Ta ló bá ọ gbọ́n ọn?"

"Wọn kì í gbọ́n ọn. Ìwọ̀ ni mo fi mú un."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ yí i padà lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí i padà. "Orí rẹ̀ dà?"

Gbogbo irọ́ tí mo kó láti Èkó fò lọ. "Bàbá ọkọ mi ló jẹ ẹ́."

"Ìwọ lo fún un?"

"Rárá. Mi ò sí nílé. Ó gé e, ó sè é, ó jẹ ẹ́."

"Kò bi ọ́?"

"Kò bi mí."

"Inú bí ọ?"

"Inú bí mi gan-an, Bàbá. Ẹ̀yin ni mo pa á fún."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo kúnlẹ̀, mo kó abọ́."

Bàbá mi nu erùpẹ̀ kúrò lára iṣu kan, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e. Mi ò gbójú sókè. Mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, èékánná rẹ̀ tó ti fọ́, mo sì ń rò ó pé àárọ̀ ọ̀la ni n ó padà.

"Ká ní o gbé orí náà wá fún mi ni," ó ní, "ǹ bá mọ̀ pé kò sí àgbà nínú ilé tí o wà." Ó jókòó sórí òkìtì iṣu. "Ẹni tó jẹ orí ẹja láìbéèrè, bàálé ni." Ó wá pe ìyá mi pé kó wá gbé ẹja yìí, ọmọ rẹ̀ ti dé, ebi á ti máa pa á.

Mo bú sẹ́kún níbẹ̀. Ojú kò tì mí.

Ibi ọrùn, níbi tí ọ̀bẹ ti gba orí kọjá, ni bàbá mi ní kí wọ́n bu fún òun. Ó jẹ ẹ́, ó ní iyọ̀ pọ̀ nínú omi àwọn ènìyàn náà. Mo lo ọjọ́ mẹ́fà. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ padà, ó wọ inú àká fúnra rẹ̀, ó ṣa iṣu mẹ́wàá tó dọ́gba, ó dì wọ́n. Ìyá mi bi í léèrè bóyá ti ọkọ mi ni.

"Kó gbé e fún ẹni tó jẹ orí ẹja," ó ní.

Nígbà tí wọ́n sọ ẹrù náà kalẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, bàbá ọkọ mi wà lórí àpótí rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó wo iṣu náà, ó wò mí.

"Ìyàwó, ta ló fi ránṣẹ́?"

"Àna yín ni," mo ní.

Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó dìde dúró kí ó tó gbà á.